Ìlédìí, Nápíkìn, Pámpáàsì: Ìtàn Aṣọ Ìdí Ọmọ Ọwọ́ Láàárín Yorùbá àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Wà Níbẹ̀ fún Abiyamọ Òde Òní

Ìfáàrà

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, owó pámpáàsì ti di ọ̀rọ̀ tí àwọn abiyamọ ń sọ tí wọ́n ń mí kanlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, iléeṣẹ́ Procter & Gamble, tí ó ni orúkọ Pampers gan-an, kéde pé òun kò ní máa ṣe ọjà òun ní Nàìjíríà mọ́, pé òkè òkun ni òun yóò ti máa kó o wọlé. Ní ọdún 2024, Kimberly-Clark tí ó ń ṣe Huggies náà kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́. Ní Gyel àti Bukuru níbí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn onísọ̀ ń tà fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká odidi àpò.

Nítorí èyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n jẹ́ abiyamọ ti ń béèrè ohun tí kò sí ẹni tí í béèrè láyé àtijọ́: báwo ni a ṣe ń fi aṣọ dí ìdí ọmọ? Ìbéèrè náà rọrùn létí, ṣùgbọ́n okùn ìmọ̀ náà ti já. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún, nápíkìn ni wọ́n dè mọ́ wa nídìí. Àwọn ọmọ wa lo nápíkìn nínú ilé, wọ́n lo pámpáàsì bí a bá ń jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí báyìí, pámpáàsì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìtàn ni yóò jẹ́ kí a mọ ohun tí a ó gbà padà nínú àṣà àtijọ́ àti ohun tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ síbi tí ó wà. Nǹkan kan wà nínú àṣà náà tí ó ń pa ọmọ, a ó sì dé orí rẹ̀.

Orúkọ mẹ́ta, sáà mẹ́ta

Èdè fúnra rẹ̀ ti pa ìtàn náà mọ́. Ìlédìí ni orúkọ àkọ́kọ́. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀ ìṣe lé, àti ọ̀rọ̀ orúkọ ìdí ni ó para pọ̀ di í: ohun tí a fi lé ìdí. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni orúkọ yìí sọ, kò sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, nítorí pé aṣọ èyíkéyìí tí ó bá rọ̀ lè jẹ́ ìlédìí. Orúkọ kejì ni nápíkìn, tí a yá lọ́wọ́ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ pàtó tí wọ́n gé fún iṣẹ́ pàtó ni èyí, tí ó ní ìwọ̀n, tí wọ́n sì ń kà ní dọ́sìnnì. Orúkọ kẹta ni pámpáàsì. Orúkọ ọjà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó ti di orúkọ gbogbo irú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè wọ ìsọ̀ kí ó ní kí wọ́n fún òun ní pámpáàsì, kí ó sì gba Molfix láìjiyàn. Láti iṣẹ́ dé aṣọ, láti aṣọ dé ọjà: bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà láàárín wa nìyẹn.

Sáà ìlédìí

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Orí ọ̀rọ̀ ìrírí ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ìlédìí mu gẹ́lẹ́. Àkísà àgbà ni ìlédìí ọmọ. Kíjìpá tí àwọn obìnrin hun lórí òfì ìnàró máa ń nípọn, ó sì máa ń le nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òfì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ró o, tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òwú rẹ̀ yóò rọ̀, yóò sì máa fa omi mu dáadáa. Ìgbà náà ni ìyá àgbà yóò fà á ya, tí yóò kó o pamọ́ de aboyún ilé. Kò sí ẹni tí ó ń ra ìlédìí. Ẹni tí kò bá ní àgbà nílé ni yóò wá àkísà tì.

Àkísà náà kò sì pọ̀ púpọ̀, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ń gbé, ọ̀já sì ni ó gbá a mọ́ra, nítorí náà ìyá máa ń mọ̀ bí ọmọ bá fẹ́ tọ̀ tàbí bí ó bá fẹ́ yàgbẹ́. Bí ó bá jí láti ojú oorun tàbí tí ó mu ọmú tán, ìyá yóò jókòó, yóò na ẹsẹ̀, yóò gbé ọmọ ka ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì kí ó lè ṣe ìgbẹ́. Àṣà yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní ọdún 1977, Marten deVries àti M. Rachel deVries kọ ìwé nípa àwọn Digo ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwọn ìyá ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbí, tí ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń mọ́ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ẹni tí ó bá ń rò pé aṣọ nìkan ni àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú ìdí ọmọ ti gbàgbé ìdajì iṣẹ́ náà.

Sáà nápíkìn

Ní ọdún 1846, Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wọ Abẹ́òkúta. Nínú ilé àwọn míṣọ́nnárì ni àwọn ọmọbìnrin ti kọ́ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ tí wọ́n gé ní ìwọ̀n. Tẹ́rú funfun tí ọkọ̀ òkun ń kó dé kò wọ́n tó kíjìpá. Ní ọdún 1849, Walter Hunt gba ìwé àṣẹ lórí píìnì tí ó ní ìbòrí lẹ́nu ní Amẹ́ríkà, èyí tí kì í gún ọmọ bí a bá dè é dáadáa. Tẹ́rú àti píìnì ni wọ́n di nápíkìn. Lẹ́yìn wọn ni aṣọ oníhòrò bí táwẹ̀lì dé, àti páńtì oníráóbà tí wọ́n ń wọ̀ lé e lórí kí ìtọ̀ má bàa rin aṣọ ìyá.

Bí àṣà náà ṣe dé òkè Jos ni ìtàn ọkọ̀ ojú irin àti tánganran. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ó ti Zaria wá dé Jos àti Bukuru ní ọdún 1914, ojú irin ńlá tí ó ti Port Harcourt gba Kafanchan wá sì dé Jos ní 1927. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló bá ọ̀nà yìí wá, pàápàá àwọn oníṣòwò Ogbómọ̀ṣọ́. Ìwé tí Leonard Plotnicov tẹ̀ jáde ní 1967 nípa àwọn àlejò ní ìlú Jos fi hàn bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan gbé ìlú yìí, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kejì sí ilé. Abiyamọ tí ó bímọ síhìn-ín lè jìnnà sí ìyá rẹ̀, kí ó jìnnà sí àpótí àkísà ìdílé. Ó di dandan kí ó ra aṣọ. Òkè yìí sì ga ju mítà 1,200 lọ, òtútù ọyẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti Ogbómọ̀ṣọ́. Aṣọ tí ó bá tutù nídìí ọmọ níbí kò ṣeé fi ṣeré.

Kánfọ̀ inú àpótí

Inú sáà nápíkìn yìí kan náà ni ewu tí a mẹ́nu bà ti wọlé. Nítorí pé nápíkìn ti di ohun tí a ń rà, ó di ohun tí a ń tọ́jú de ọmọ tí ń bọ̀. Wọ́n ń kó o sínú àpótí, wọ́n sì ń fi kánfọ̀ sí i kí aáyán àti kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.

Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní G6PD, tí ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Láàárín ọkùnrin Yorùbá, ó tó ẹnì kan nínú márùn-ún tí èròjà yìí kò pé lára rẹ̀ láti inú oyún. Ara ẹni bẹ́ẹ̀ lè dá ṣáṣá títí ayé bí ohun kan kò bá tọ́ ọ. Kánfọ̀ wà lára ohun tí ń tọ́ ọ. Òórùn rẹ̀ ń gba imú wọlé, òun fúnra rẹ̀ sì ń gba awọ ara wọlé, pàápàá bí wọ́n bá fi òróró pa ọmọ lára. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí ìyeyè. Bí ibà pọ́njú náà bá wọ ọpọlọ, ọmọ lè kú. Bí kò bá kú, ó lè di adití tàbí arọ.

Ní ọdún 1951 ni ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti gbé ìròyìn ọmọ tuntun kan jáde tí nápíkìn tí wọ́n kó pamọ́ pẹ̀lú kánfọ̀ kó bá. Ní 1963, àwọn dókítà ilẹ̀ Gíríìsì kọ nípa ọmọ ìkókó 21 tí kánfọ̀ kó bá. Ní Èkó, S. A. Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó wá di mínísítà ètò ìlera, fi hàn ní 1980 pé ohun ìpara tí ó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà léwu fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń fi kánfọ̀ sí ẹrù ọmọ di òní olónìí. Bí aṣọ bá ń padà sí ìdí ọmọ, kánfọ̀ kò gbọdọ̀ bá a padà.

Sáà pámpáàsì

Ní 1951, Marion Donovan gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ìbòrí nápíkìn tí omi kò lè là kọjá. Ní 1961, Procter & Gamble gbé Pampers jáde. Kò yẹ kí a bú pámpáàsì. Ó jẹ́ kí olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ abiyamọ lè padà síbi iṣẹ́, ó sì jẹ́ kí ọmọ sùn di òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí a máa ra òun lójoojúmọ́, kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀. A ń rí i nínú gọ́tà àti létí àwọn kòtò omi tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ káàkiri agbègbè yìí.

Aṣọ náà ní ìnáwó tirẹ̀. Ìwádìí tí Environment Agency ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2008 sọ pé bí a bá ṣe ń fọ nápíkìn àti bí a ṣe ń sá a ni yóò sọ bóyá ó sàn fún àyíká ju pámpáàsì lọ. Bí ẹ̀rọ bá ń gbẹ ẹ́, àǹfààní rẹ̀ lè pòórá. Bí a bá sá a sórí okùn, tí àbúrò sì tún lò ó, àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Oòrùn kò wọ́n ní Gyel. Omi ni ó ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a ń rà á lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣírò èrè, kí ó ṣírò owó omi, owó ọṣẹ, àti agbára ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Kò sí ìdí tí ẹni náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyá nìkan.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Láti inú ìtàn yìí, ohun tí a ó máa sọ fún abiyamọ nìyí. Kí ó wá aṣọ òwú ogún sí mẹ́rìnlélógún, nítorí ọmọ tuntun lè lo mẹ́wàá tàbí méjìlá lóòjọ́. Ìró àtijọ́ tí ó ti rọ̀ dára. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tuntun, kí ó fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kí sítáàṣì inú rẹ̀ lè jáde, kí ó lè máa fa omi. Kí ó da ìgbẹ́ sí ṣáláńgá, kí ó fi omi tútù ṣan aṣọ náà, kí ó tó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Kí ó fi omi ṣàn án títí ọṣẹ yóò fi tán, nítorí ọṣẹ tí ó bá kù nínú rẹ̀ ni ó máa ń bó ìdí ọmọ.

Orí okùn, nínú oòrùn, ni kí ó sá a sí, kì í ṣe orí koríko. Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní tumbu, tí ó máa ń yé ẹyin sí aṣọ tí kò tíì gbẹ, tí ìdin rẹ̀ sì ń wọ ara ọmọ. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni ó ń pa á, nítorí náà kí ó lọ aṣọ náà níwá àti lẹ́yìn. Kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú ike tí ó ní ọmọrí, láìsí kánfọ̀. Aṣọ tí kánfọ̀ ti bá gbé pọ̀ rí, kí ó má ṣe lò ó fún ọmọ ìkókó. Bí ẹyinjú ọmọ tàbí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ó gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí ó má dúró de oòrùn àárọ̀. Kò sì burú bí ó bá fi aṣọ ṣe ti ọ̀sán, kí ó fi pámpáàsì ṣe ti òru àti ti ìrìn-àjò.

Àbá àti ìkádìí

A dá a lábàá pé kí àwọn tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé àti ẹ̀kọ́ ìlera ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ọ̀rọ̀ kánfọ̀ àti ibà pọ́njú sínú ẹ̀kọ́ wọn, kí àwọn olùkọ́ èdè sì bá wọn wá ọ̀rọ̀ tí ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò gbọ́. A rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ni ní Berom, Hausa àti Ìgbò kí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí ní èdè tiwọn, nítorí pé ọjà kan náà ni gbogbo wa ti ń ra kánfọ̀.

Àkísà àgbà ṣì wúlò fún ọmọ. Kí àwa tí a jẹ́ àgbà nísinsìnyí rí i pé àkísà tí a ń fún wọn kò ní májèlé nínú.