Àṣìkọ Àjogúnbá àti Àṣìkọ Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ

Nígbà tí éèdì kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, "àrùn kògbóògùn" ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ náà bá ìgbà rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1996 ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé àpapọ̀ oògùn lè dá kòkòrò HIV dúró, àwọn oògùn náà sì dé ilé ìwòsàn tiwa nígbà tó yá. Aláìsàn tó ń lò wọ́n déédéé ń ṣiṣẹ́, ó ń bímọ, ó ń darúgbó. Orúkọ ni kò yí. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé àrùn kògbóògùn ló ń ṣe é ti gbọ́ ìdájọ́ ikú kó tó gba káàdì ìtọ́jú. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹrù ọ̀rọ̀ mìíràn ti ń bọ̀ lọ́nà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìwádìí jíìnì lórí jẹjẹrẹ páńkíríásì, a sì tún fẹ́ sọ nǹkan lórúkọ. Bí a bá fún ìyípadà inú jíìnì ní orúkọ tó túmọ̀ sí ohun tí a bí mọ́ni, tàbí tí a kàn pè é ní àrùn ìdílé, irọ́ la ó pa mọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn, ìrètí tí ìwádìí náà mú wá yóò sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Páńkíríásì ni ẹ̀yà ara tó sápamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn. Òun ló ń ṣe omi tí ń da ọ̀rá àti ẹran tí a jẹ, òun náà ló ń ṣe ínsúlínì tí ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan a máa pè é ní àmọ́, àwọn mìíràn a ní òróòro, bẹ́ẹ̀ òróòro ni ohun kíkorò tí alápatà ń rọra yọ lára ẹ̀dọ̀ kó má baà ba ẹran jẹ́. Nígbà tí orúkọ ìbílẹ̀ bá ń ta kókó báyìí, ó sàn ká kọ ti àjèjì ní ìlànà Yorùbá. Jẹjẹrẹ tó bá mú un le púpọ̀: ní Amẹ́ríkà pàápàá, nǹkan bí 13 péré nínú 100 aláìsàn ló ń wà láàyè ní ọdún 5 lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ti fi àrùn náà hàn. Nínú ẹ̀yà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, aláìsàn tó lé ní 90 nínú 100 ló ní ìyípadà nínú jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní KRAS. Iṣẹ́ KRAS ni láti jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì mọ ìgbà tó yẹ kó pín àti ìgbà tó yẹ kó sinmi. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú rẹ̀, àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì pín kò ní dáwọ́ dúró mọ́. Láti 1982 ni a ti rí irú ìyípadà yìí nínú jẹjẹrẹ ènìyàn, síbẹ̀ ó tó ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé kò sí oògùn tó lè mú un, nítorí pé ara purotéènì rẹ̀ dán, oògùn kò rí ibi dì mú. Ní 2013 ni Kevan Shokat àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní University of California, San Francisco, rí kòtò kékeré kan lára ẹ̀dà KRAS tí à ń pè ní G12C. Àwárí yẹn ló ṣí ọ̀nà fún oògùn sotorasib, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021 fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára aláìsàn páńkíríásì 38 tí wọ́n ní G12C, jẹjẹrẹ náà súnkì dáadáa lára 8. Iye yẹn kéré, G12C pàápàá kò sì ju 1 tàbí 2 nínú 100 aláìsàn páńkíríásì lọ. Ẹ̀dà G12D ló wọ́pọ̀ jù, àwọn oògùn tí wọ́n ń ṣe fún un àti fún àwọn ẹ̀dà yòókù ni ojú àwọn onímọ̀ wà lára wọn báyìí.

Kí ni ká wá pe ìyípadà yìí? Àwọn kan ti pe jíìnì ní àbímọ́, àwọn mìíràn lo àbùdá. Ó rọrùn láti rí ohun tó fà á. Àrùn tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìmọ̀ jíìnì ni fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí bàbá àti ìyá lè fún ọmọ láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ṣàìsàn rí. Ọ̀nà rẹ̀ ni jẹ́nótáìpù gbà di ọ̀rọ̀ tí àwọn àfẹ́sọ́nà ń bi ara wọn, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sì ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì. Létí Yorùbá, jíìnì àti ogún ti di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n KRAS tó bàjẹ́ nínú páńkíríásì aláìsàn kò bá a wáyé. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀, kò sì ní dé ara ọmọ rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì kan ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìbí, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà ń da DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí jíìnì wà nínú rẹ̀, kọ kó lè pín sí méjì. Ní ti nǹkan bí 9 nínú aláìsàn 10, àyẹ̀wò kì í rí ìyípadà àjogúnbá kankan tó lè fa àrùn náà. Bí wọ́n bá wá sọ fún ìdílé irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé àbímọ́ ló bàjẹ́, kí ni wọ́n á gbọ́? Yorùbá kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Wèrè, wárápá àti ẹ̀tẹ̀ ni alárenà ń tọpa rẹ̀ lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ kan tí a kò rò dáadáa lè fi jẹjẹrẹ kún wọn, kí àwọn ọmọbìnrin ilé kan má rí ọkọ fẹ́ nítorí àṣìṣe tó bẹ̀rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lára bàbá wọn.

Bí a bá sì ní kì í ṣe àbímọ́, ibòmíràn tí èdè wa ń gbé àrùn sí kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfọwọ́fà wà, àfiṣe sì wà. Ti àkọ́kọ́ dá aláìsàn lẹ́bi, ti èkejì dá orogún tàbí ará ilé lẹ́bi. Lóòótọ́, sìgá mímu ń fi kún ewu jẹjẹrẹ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìsanrajù. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àṣìṣe ìdàkọ DNA ń ṣẹlẹ̀ láìsí ẹlẹ́bi kankan. Ọ̀rọ̀ tí mo gbà pé ó bá a mu ni àṣìkọ. Ó wà lára àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́, àṣìsọ, àṣìgbọ́, àṣìṣe. Lẹ́tà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ DNA, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí KRAS kò ju pé a fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn lọ. Àṣìkọ kò sọ ìgbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, kò sì nàka sí ẹnikẹ́ni. A lè wá so àpèjúwe mọ́ ọn: àṣìkọ àjogúnbá fún èyí tí a gbà lọ́wọ́ òbí, àṣìkọ àṣẹ̀ṣẹ̀yọ fún èyí tó hù lẹ́yìn ìbí. Jíìnì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ní jíìnì.

Oògùn pàápàá pín sí ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ yìí. Àṣìkọ àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ni sotorasib ń lépa. Olaparib ní tirẹ̀ wà fún àwọn tó jogún àṣìkọ nínú BRCA1 tàbí BRCA2, jíìnì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú kí sẹ́ẹ̀lì lè tún DNA tó já ṣe. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ti pàdánù àtúnṣe yìí fara ti ọ̀nà àtúnṣe mìíràn, ọ̀nà yẹn gan-an sì ni olaparib ń dí. Nínú ìdánwò tí wọ́n pè ní POLO, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, aláìsàn 3,315 ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó mú 154. Ìlàjì àwọn tó gba olaparib lò ju oṣù 7.4 lọ kí jẹjẹrẹ wọn tó tún tẹ̀síwájú. Ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ oṣù 3.8. Ẹ̀mí wọn lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ti àwọn yòókù lọ, ẹni tó bá sì ń ròyìn oògùn yìí láìfi gbólóhùn yẹn kún un kò ròyìn tán. Ọ̀rọ̀ BRCA kàn wá nílé. Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé ti University of Chicago àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde ní 2018 lórí obìnrin Nàìjíríà 1,136 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn: 7.0 nínú 100 ló ní àṣìkọ àjogúnbá nínú BRCA1, 4.1 nínú 100 ló ní in nínú BRCA2. Ọmọ ẹni tó ní irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin, lè jogún rẹ̀ ní ìdá kan nínú méjì. Ọkùnrin tó jogún ti BRCA2 wà nínú ewu jẹjẹrẹ páńkíríásì àti ti próstéètì ju ẹlòmíràn lọ. Bí a bá wá ń pè é ní jíìnì ọyàn, bí àwọn kan ti ń ṣe, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yóò ka ọ̀rọ̀ náà sí ti àwọn obìnrin, kò ní bi dókítà ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló yẹ ká fi sọ ọ́ lórúkọ: jíìnì àtúnṣe.

Àwọn kan á ní kí a fi ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé dókítà kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda fún ìwádìí kì í ṣe dókítà. Nígbà tí iṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá 90 láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30, wà lára ohun tí wọ́n fi ya àwòrán ìyàtọ̀ jíìnì ọmọ ènìyàn. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó ṣe ètò bí wọ́n ṣe bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ní 2008, àkọsílẹ̀ DNA ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn ni ìwé ìròyìn Nature gbé jáde, lódindi. Èdè tí àwọn tó ni ẹ̀jẹ̀ náà ń sọ kò lè máa wà lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti wà níwájú.

Àtakò tó wúwo jù ni pé àṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í sábà yè. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe tẹ̀ lé e ní 1990. Iṣẹ́ ribiribi ni, síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ inú wọn kò jáde kúrò ní kíláàsì. Mo gbà. Ẹ wo àwọn tó yè: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, jẹ́nótáìpù. Ibi tí wọ́n ti nílò wọn ni wọ́n ti gbó lẹ́nu, bí wọ́n sì ṣe rí ló jẹ́ kí wọ́n rọrùn fún ẹni tí kò ka ìwé kan nípa wọn. Ìdí nìyí tí n kò fi rò pé Ìbàdàn ló yẹ ká ti dán àṣìkọ wò. Ẹ gbé e lọ sí Jikpan ní Minna, ìlú tí ojú irin Èkó ti pàdé ti Baro sí Kano, tí Yorùbá ti ń gbé láàárín Gbagyi, Nupe àti Hausa. Yorùbá ibẹ̀ ń gbọ́ "ciwon daji" lẹ́nu Hausa, ìyẹn àrùn igbó, ó ń gbọ́ jẹjẹrẹ nílé, ó ń gbọ́ kánsà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ àlàyé ojú ewé kan kò lè bá èdè mẹ́ta du àyè níbẹ̀. Àṣìkọ kò fẹ́ àlàyé fún ẹni tó bá ti da iṣẹ́ kọ láti ojú pátákó rí.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn wà tí ń tan ni jẹ. Àwọn oníròyìn a máa pe gbogbo oògùn tuntun ní ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ohun tí olaparib ṣe ni ìdádúró. Ẹni tó gbọ́ ìwòsàn yóò ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìdádúró oṣù mélòó kan yóò bi ara rẹ̀ léèrè kó tó tà á. Èkejì ni àjẹsára. Ní 2023, Vinod Balachandran àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Memorial Sloan Kettering ní New York ròyìn abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ṣe fún aláìsàn páńkíríásì 16 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí pé láti inú àṣìkọ tó wà nínú jẹjẹrẹ ẹni náà ni wọ́n ti ṣe é. Ara 8 nínú wọn dáhùn, àrùn náà sì pẹ́ kó tó padà sára àwọn yẹn ju ti àwọn 8 yòókù lọ. Bí a bá pè é ní àjẹsára, aráàlú yóò retí ohun tí a ń gbà kí àrùn má baà wá, bíi ti rọpárọsẹ̀. Àwọn tó sọ HIV ní kòkòrò apa-ṣọ́jà-ara ti fún wa ní ohun èlò: abẹ́rẹ́ ìkọ́ṣọ́jà-ara ni.

Wọ́n á tún ní ìrètí wo ló wà nínú oògùn tí owó rẹ̀ kò ká wa, tí àyẹ̀wò jíìnì pàápàá ń ná ni lówó. Òótọ́ kíkorò ni. Ṣùgbọ́n bíbéèrè bí jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹyin obìnrin, ti próstéètì àti ti páńkíríásì bá ti ṣe ju ẹnì kan lọ nínú ìdílé kò náni ní kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ tó yéni ni ìbéèrè náà ń fẹ́. Kò sì sí oògùn jíìnì tó sábà ń wo ẹni tó dé nígbà tí àrùn ti tàn káàkiri sàn. Ní ti títètè dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ló ń dí wa lọ́nà. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá wà ní orí páńkíríásì, ó máa ń fún ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà pa, omi náà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ìgbẹ́ á funfun, ara á máa yún ni. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni a ń pè é, orúkọ náà sì ń rán aláìsàn lọ sídìí agbo àti oògùn ibà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ kò tiẹ̀ gbóná rárá. Ká yọ ibà kúrò nínú rẹ̀. Pọ́njú-pọ́ntọ̀ aláìníbà, lára ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń rù láìmọ ìdí tàbí tí ìtọ̀ ṣúgà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n ya àwòrán inú ikùn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà.