Ọkọ̀ Ilé Nígbà Ooru, Iṣẹ́ Ilé Nígbà Òtútù: Bí Àwọn Àgbàlagbà Amẹ́ríkà Ṣe Ń Lo Ìgbà Ìfẹ̀yìntì Wọn

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Òwe yìí gan-an ló bá ìgbé-ayé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mu ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí oṣù karùn-ún ọdún bá ti ń parí lọ, wọn a ti ilẹ̀kùn ilé wọn, wọn a wọ inú ọkọ̀ ńlá kan tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ nínú, wọn a sì gbéra. Láti orí òkè dé etí òkun, inú ọkọ̀ yìí ni wọn yóò máa sùn, ibẹ̀ náà ni wọn yóò máa jí. Nígbà tó bá di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, wọn a padà sílé, wọn a sì kọjú sí òrùlé tó ń jò, koríko tó ti hù bo ọ̀nà, àti ọ̀dà ara ògiri tó ti ń bó.

Ẹni tó bá ń wo irú ìgbé-ayé yìí láti òkèèrè lè rò pé fàájì lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní: ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ní táyà lẹ́sẹ̀. Méjèèjì ló ń gbó, ẹni tó ni wọ́n náà sì ń darúgbó sí i, bẹ́ẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì kan ṣoṣo ló fẹ́ fi gbọ́ bùkátà méjèèjì. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ká lè mọ ohun tó ń mú un yọrí sí rere fún àwọn kan, àti ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ lábẹ́ àwọn mìíràn.

IRÚ ỌKỌ̀ TÍ À Ń SỌ

RV ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ọkọ̀ ilé yìí, ọ̀nà méjì pàtàkì ló sì pín sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí awakọ̀ ń jókòó síwájú, tí ilé wà lẹ́yìn. Nínú irú èyí, ọ̀kan tó tóbi bíi bọ́ọ̀sì akérò ni wọ́n ń pè ní Class A. Ọ̀kan tó dà bíi dánfó tí wọ́n gbé òrùlé rẹ̀ ga ni Class B, èyí tó wà láàárín méjèèjì sì ni Class C. Ọ̀nà kejì ni èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, tó jẹ́ pé ọkọ̀ mìíràn ni yóò máa fà á bíi tírélà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1919 ni àwọn arìnrìn-àjò kan dá ẹgbẹ́ Tin Can Tourists sílẹ̀ ní ìlú Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ní 1931 ni Wally Byam dá ilé-iṣẹ́ Airstream sílẹ̀, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fífà tó ń dán bíi fàdákà. Ilé-iṣẹ́ Winnebago bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Forest City, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní 1958, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ilé oní-ẹ́ńjìnnì ní 1966. Ní báyìí, agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òfin méjì tún ran àṣà náà lọ́wọ́: òfin 1935 tó dá owó ìfẹ̀yìntì Social Security sílẹ̀, àti òfin 1956 tí ìjọba àpapọ̀ fi la àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ńláńlá káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

ÌDÍ TÓ FI JẸ́ ÌGBÀ OORU

Àwọn arúgbó kan wà tó jẹ́ pé ìhà àríwá ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n máa ń sá lọ sí Arizona, Texas tàbí Florida nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn tó ń gbé ìhà gúúsù, ooru ni wọ́n ń sá fún. Ní ọdún 2023, odindi ọjọ́ 31 léraléra ni ooru fi ju ìwọ̀n 43 Celsius lọ ní ìlú Phoenix, ní Arizona. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò lè fi irú ooru bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Yàtọ̀ sí èyí, ìgbà ooru nìkan ni ọ̀pọ̀ ibi tó rẹwà ní àríwá ṣeé dé. Bí àpẹẹrẹ, yìnyín máa ń dí ọ̀nà Going-to-the-Sun Road tó wà nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Glacier, ní Montana, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé oṣù kẹfà tàbí ìkeje ni wọ́n sábà máa ń ṣí i tán. Ní Yellowstone, tó ti wà láti 1872, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ń tì mọ́ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kẹrin.

Ìjọba pàápàá ṣe ẹ̀dínwó fún àwọn àgbà. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, tó bá ti pé ọmọ ọdún 62, lè san 80 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó gba ìwé tí yóò máa fi wọ àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Dọ́là mẹ́wàá péré ni kó tó di oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba, ìwé kan náà máa ń dín owó ibi ìgbọ́kọ̀sí kù sí ìdajì.

ILÉ TÍ WỌ́N TÌ SÍLẸ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ kì í sinmi, ńṣe ló ń bàjẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bí páìpù kan bá bẹ́ nínú ilé tí onílé wà níbẹ̀, wákàtí kan kò ní pé tí yóò fi rí i. Bí ó bá bẹ́ nígbà tí onílé wà ní ibi tó jìn tó ẹgbẹ̀rún máìlì, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, nígbà náà, pákó ilẹ̀ ti wú, ara ògiri sì ti bu. Nítorí náà, ohun tí ọlọ́gbọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí ó ti ẹnu páìpù ńlá tó ń gbé omi wọlé, kí ó sì pa ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná.

Ẹ̀kejì ni ìwé adójútòfò. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ilé bá ṣófo ju 30 tàbí 60 ọjọ́ lọ, àwọn òfò kan wà tí wọn kò ní san owó rẹ̀. Ìtumọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan fún "ilé tó ṣófo" lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ó yẹ kí onílé ka ìwé náà dáadáa, kí ó sì gba àlàyé ní kíkọ sílẹ̀ kí ó tó gbéra, nítorí ẹ̀yìn àdánù kọ́ ni à ń béèrè.

Ẹ̀kẹta ni koríko iwájú ilé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, òfin wà nípa bí koríko ṣe lè ga tó, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé onílé tó bá jẹ́ kó di igbó. Koríko gíga tún ń sọ fún olè pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà tó kún inú àpótí. Ilé-ìfìwéránṣẹ́ lè bá ènìyàn tọ́jú lẹ́tà fún 30 ọjọ́, bí ìrìn-àjò bá sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè máa darí rẹ̀ sí àdírẹ́sì mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ènìyàn ṣì ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Kámẹ́rà lè fi ẹnu ọ̀nà han onílé lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ òórùn ohun tó ń rà nínú fíríìjì. Aládùúgbò tó ní kọ́kọ́rọ́, tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ni alábòójútó tòótọ́. Ó tún ṣe kókó fún àwọn tó wà ní etí òkun gúúsù, nítorí ìgbà ìjì líle, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá, bọ́ sí ìgbà kan náà tí wọ́n máa ń wà lẹ́yìn odi. Ìjì Ian tó jà ní Florida ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 kò dúró de ẹni tó lọ sí Montana. Ó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ẹni tí yóò bá onílé ti fèrèsé, tí yóò sì kó àga ìta wọlé.

Bí wọ́n bá padà dé, iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. Kí òtútù tó mú, wọ́n ní láti kó ewé kúrò nínú ọ̀nà tí omi òjò ń gbà ní etí òrùlé, kí wọ́n yẹ òrùlé wò, kí wọ́n sì pe ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ amúlégbóná. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti iye tó ná wọn.

ILÉ TÓ NÍ TÁYÀ

Bí ilé ṣe ń béèrè ìtọ́jú ni ọkọ̀ náà ń béèrè. Òrùlé rẹ̀ ṣe pàtàkì jù, nítorí pé bí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí àwọn oríkèé rẹ̀ bá ti sán, omi yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀, igi inú ògiri yóò sì jẹrà kí wọ́n tó mọ̀. Táyà ń fi ojú tan ènìyàn jẹ: ọkọ̀ tó ń wà lójú kan fún oṣù púpọ̀ lè ní táyà tí ìlà ara rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, síbẹ̀ tó ti gbó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kù jẹ́ ọdún.

Omi ìdọ̀tí inú ọkọ̀ pín sí táǹkì méjì, ọ̀kan fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èkejì fún omi ìwẹ̀ àti omi abọ́. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà ní ibi tí ìjọba yọ̀ǹda, kí omi ìwẹ̀ tó tẹ̀ lé e lè fọ ọ̀pá náà mọ́. Kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì nígbà òtútù, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ gbogbo omi mímọ́ kúrò nínú páìpù ọkọ̀, bóyá kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i pẹ̀lú ẹ̀rọ bíi ti fọkanáísà, kí wọ́n sì da oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú rẹ̀. Oògùn ti ọkọ̀ ilé ni kí wọ́n lò o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì, nítorí májèlé ni ìyẹn.

Ní ojú ọ̀nà, ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ gígùn àti gíga ọkọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀nà Going-to-the-Sun tí a sọ lókè, ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ kò gbọdọ̀ gba orí òkè kọjá. Àwọn àgbà arìnrìn-àjò tún ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní mẹ́ta-mẹ́ta: wọn kì í wakọ̀ ju 300 máìlì lọ lóòjọ́, wọ́n máa ń dé ibùdó kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, wọ́n sì máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ kí wọ́n tó tún gbéra.

OWÓ ÀTI ÌLERA

Bí ènìyàn bá wà lẹ́yìn odi, owó orí ilé, owó adójútòfò àti owó ẹgbẹ́ onílé kò dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ Class A kì í rìn ju máìlì 6 sí 10 lọ lórí gálọ́ọ̀nù epo kan. Bí ìrìn-àjò ìgbà ooru bá jẹ́ 4,000 máìlì, tí ọkọ̀ sì ń rin máìlì 8, gálọ́ọ̀nù 500 ni yóò jó. Ẹni tó sì ti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gba Social Security ní ọmọ ọdún 62, tó jẹ́ pé 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí i, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò dín nínú owó tí ìbá gbà ní ọmọ ọdún 67. Láti dín ìnáwó kù, àwọn kan ń ṣe alábòójútó ibùdó fún oṣù kan tàbí méjì, wọ́n á sì gba ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ́fẹ̀ẹ́.

Medicare, ètò ìlera àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀ nípasẹ̀ òfin 1965, tún ní àwọn ọ̀nà tó yẹ ká mọ̀. Èyí tí ìjọba ń ṣe fúnra rẹ̀ ṣeé lò káàkiri Amẹ́ríkà ní ọ̀dọ̀ dókítà tó bá ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò Medicare Advantage, tó wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, ló jẹ́ pé agbègbè onítọ̀hún nìkan ni wọ́n ti ń san owó ìtọ́jú tí kì í ṣe ti pàjáwìrì. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ilẹ̀ Kánádà dé Alaska kò gbọdọ̀ gbàgbé pé Medicare kì í sábà san owó ìtọ́jú ní ilẹ̀ òkèèrè.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ A DÁWỌ́ DÚRÓ

Ohun tí wọn kì í fẹ́ sọ ni pé ojú yóò ṣókùnkùn lọ́jọ́ kan, ọwọ́ yóò sì máa gbọ̀n. Àwọn kan ti ta ilé wọn pátápátá láti máa gbé inú ọkọ̀, nígbà tí àìsàn dé, wọn kò ní ibi tí wọn yóò padà sí. Àwọn mìíràn kò fúnra wọn yàn án: ìwé Nomadland tí Jessica Bruder kọ ní 2017, tó di fíìmù ní 2020, dá lórí àwọn àgbàlagbà tí ọrọ̀-ajé tó dẹnu kolẹ̀ ní 2008 lé kúrò nílé sínú ọkọ̀. Joe àti Kay Peterson, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Escapees sílẹ̀ ní 1978, rí ìṣòro yìí. Ẹgbẹ́ wọn wá ṣe ibùdó kan sí ìlú Livingston, ní Texas, níbi tí ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìrìn-àjò mọ́ ti lè máa gbé nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tó pín ọdún sí méjì, tí wọn kò ta ilé, fi dà bí ẹni tó gba ọ̀nà àárín. Àǹfààní ilé ni pé yóò gba ènìyàn nígbà tí ọ̀nà bá kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí a kò tọ́jú kò lè gba ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ yìí kò yọ àwọn ọmọ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ní Houston tàbí Maryland sílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pín ọdún wọn láàárín ibẹ̀ àti ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Omi, olè, koríko àti ìwé adójútòfò kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ilé tàbí ọkọ̀ òfuurufú ni onílé bá lọ, Medicare kì í sì í san owó ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ẹni tó ń lọ kọ́kọ́ tún ilé ṣe, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ síbi tó tọ́, nítorí ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko.