Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Oníkọ́bọ̀: Bí Varney Ṣe Gba Ìlú London

Ní ọdún 1845, nítòsí Fleet Street ní ìlú London, òǹtẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Edward Lloyd bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtàn tuntun kan ní ìpín-ìpín, kọ́bọ̀ kan fún ìpín kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú ewé mẹ́jọ péré ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́, àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára pákó ni wọ́n sì fi ṣe iwájú rẹ̀. Ìpín àkọ́kọ́ kò fi àkókò ṣòfò rárá: ìjì ń jà lóru, yìnyín ń lu fèrèsé, ọmọge kan tó ń jẹ́ Flora Bannerworth wà lórí ibùsùn rẹ̀, ohun gíga kan tí ojú rẹ̀ funfun bí ojú òkú sì ń fi èékánná họ gíláàsì. Kò pẹ́ rárá tí eyín ohun náà fi wọ ọrùn ọmọge.

Orúkọ ìtàn náà ni Varney the Vampire. Fámpáyà ni òkú tó ń dìde láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè, ìgbàgbọ́ tó ti pẹ́ láàárín àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ọdún méjì ni ìtàn yìí fi ń jáde. Nígbà tí Lloyd kó gbogbo rẹ̀ dì pọ̀ ní 1847, ó lé ní igba orí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì lé ní 600,000.

Ìwé náà kò dára. Òǹkọ̀wé rẹ̀ a máa gbàgbé ohun tó ti kọ sẹ́yìn. Níbì kan, ọ̀daràn tí wọ́n yẹgi fún ni Varney, tí oníṣègùn kan fi iná mànàmáná jí dìde. Níbòmíràn, láti ayé Oliver Cromwell, tó ṣàkóso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni ègún ti wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn tó fi ìbínú pa ọmọ bíbí ara rẹ̀. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó sì bọ́ sí àsìkò ogun Napoleon láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dàgbà sí i. Àwọn atukọ̀ méjì kan, Admiral Bell àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ Jack Pringle, á máa bú ara wọn lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé, nígbà tí ọ̀rọ̀ gidi dúró sójú kan. Iye ìlà ni wọ́n fi ń ṣírò owó fún irú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀; ìbéèrè ọ̀rọ̀ kan gba ìlà kan, ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan náà gba ìlà tirẹ̀.

Síbẹ̀ ó tà. Nínú òwò yẹn, ìtàn tí àwọn ènìyàn bá ti fi sílẹ̀, kíá ni wọ́n ń parí rẹ̀ kí òmíràn lè gba ipò rẹ̀. Ti Varney lé ní ọgọ́rùn-ún ọ̀sẹ̀.

Ohun tó yá àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu láti sọ, nígbà náà àti lónìí, ni pé òpè ni àwọn tó ń rà á. Ẹni tó bá wo bí òwò ìwé ṣe rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ tuntun, tí wọ́n sábà máa ń pín sí apá mẹ́ta, ṣílè mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti sísì ni. Owó yẹn ju owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ fún alágbàṣe oko. Charles Dickens náà ń ta ìtàn rẹ̀ ní ìpín-ìpín, oṣooṣù, ṣílè kan fún ìpín kan. Ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá. Ọmọ ilé iṣẹ́ aṣọ, ìránṣẹ́bìnrin inú ilé, ọmọdékùnrin tó ń ti ọmọlanke: àwọn wọ̀nyí ti kọ́ ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ohun tí wọ́n lè fi owó ọwọ́ wọn rà láti kà kò tó nǹkan. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ti 1841, nǹkan bí ọkùnrin 67 nínú ọgọ́rùn-ún àti obìnrin 51 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè kọ orúkọ ara wọn. Ogunlọ́gọ̀ òǹkàwé ti dé, kò sì sí ẹni tó tẹ́ tábìlì fún wọn.

Lloyd tẹ́ ẹ. Ọmọ tálákà ni òun náà, wọ́n bí i ní 1815, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó ti ń ta ìwé kọ́bọ̀ káàkiri London. Ọ̀nà tó gbà bẹ̀rẹ̀ kò mọ́ rárá. Ó ń gba iṣẹ́ Dickens, ó ń yí orúkọ rẹ̀ díẹ̀, ó ń tà á ní kọ́bọ̀: Oliver Twist di Oliver Twiss, Nicholas Nickleby di Nickelas Nickelbery. Ní 1837, àwọn òǹtẹ̀wé Dickens pè é lẹ́jọ́ nítorí ayédèrú ìwé Pickwick. Adájọ́ kọ̀ láti dá a dúró, ó ní kò sẹ́ni tí yóò ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Olè ni Lloyd jà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ra ayédèrú náà kì í ṣe ẹni tí ì bá rówó ra ojúlówó.

Thomas Frost, akọ̀ròyìn kan tó mọ òwò yìí láti inú, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní 1880 bí wọ́n ṣe ń yan ìtàn ní ilé iṣẹ́ Lloyd. Alábòójútó ibẹ̀ sọ fún un pé nígbà tí àwọn kò bá gbára lé ojú ara àwọn, àwọn a gbé ìwé náà fún ẹni tí kò kàwé púpọ̀, bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Bí ẹni yẹn bá ní ó dùn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ọ̀rọ̀ yìí bú Lloyd. Àmọ́ ta ni nínú àwọn òǹtẹ̀wé ńláńlá London tó tún bi ọmọ ọ̀dọ̀ léèrè ohun tó wù ú láti kà?

Bákan náà, kì í ṣe ẹni tó mọ̀wé kà nìkan ló ń gbádùn rẹ̀. Henry Mayhew, tó kọ nípa ìgbésí ayé àwọn tálákà London ní 1851, ròyìn bí àwọn tó ń kiri èso àti ẹja ṣe máa ń péjọ yí ẹnì kan ká kó lè ka àwọn ìwé kọ́bọ̀ sókè fún wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọlọ́pàá, gbogbo wọn á dá sí i. Ìtàn tí wọ́n ń kà sókè fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ àsọtúnsọ, nítorí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ó ń fẹ́ kí ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra. Lẹ́nu ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, èébú àwọn atukọ̀ méjì yẹn á pa èrò lẹ́rìn-ín. Díẹ̀ nínú àlébù tí ọ̀mọ̀wé ń rí nínú yàrá ìkàwé jẹ́ ohun tó wúlò ní ìgboro.

James Malcolm Rymer ló kọ Varney. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kó tó di òǹkọ̀wé. Ní 1842, ọdún mẹ́ta ṣáájú Varney, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ìwé tó ń tà, níbi tó ti fi àwọn òǹkàwé wé ẹranko tí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ ìwà wọn kó tó gbé oúnjẹ síwájú wọn. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ó sì dun ni pé òun gan-an ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ dára ju ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ lọ.

Kí Varney tó dé, fámpáyà inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọlọ́lá tí kò láàánú lójú. Bẹ́ẹ̀ ni John Polidori, oníṣègùn akéwì Lord Byron, ṣe kọ ọ́ ní The Vampyre, tó jáde ní 1819 pẹ̀lú orúkọ Byron lórí rẹ̀ láìtọ́, orúkọ yẹn sì wà lára ohun tó mú un tà kárí Yúróòpù. Varney yàtọ̀. Apààyàn ni, òpùrọ́ ni, owó ló sì ń wá kiri. Síbẹ̀ ayé ti sú u. Ìkórìíra ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ìtàn ṣe ń lọ. Gbogbo ìgbà tó bá kú ni ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ń jí i padà, títí tó fi bẹ́ sínú iná òkè Vesuvius ní Ítálì kó má bàa sí òṣùpá tí yóò rí i mọ́. Flora, tí Varney mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wá ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò yàn, nínú ayé tí kò fẹ́ ẹ, tí wọn kò sì jẹ́ kó sinmi: òṣìṣẹ́ London mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èyí ni Rymer fi gbà wọ́n lọ́kàn.

Àánú yẹn kò kú. Ní oṣù Òkúdù 2003, Stephenie Meyer, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ní Arizona ní Amẹ́ríkà, lá àlá nípa ọmọbìnrin kan àti fámpáyà kan nínú pápá. Àlá yẹn di Twilight ní 2005. Ìwé náà ní àlébù tirẹ̀: ìgbà mélòó ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé sọ pé Edward, fámpáyà inú rẹ̀, lẹ́wà? Ewu gidi kò sì yọjú títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní 2009, òǹkọ̀wé ìtàn ìbẹ̀rù Stephen King sọ ọ́ ní gbangba pé Meyer kò mọ̀wé kọ. Nígbà náà, apá kẹrin ìtàn náà, Breaking Dawn, ti ta 1,300,000 ẹ̀dà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jáde ní 2008. Láìpẹ́, apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ ta ju 100,000,000 lọ.

King kan náà ṣàlàyé pé ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ni Meyer ń bá sọ̀rọ̀, ó sì jàre. Bella, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, kò ní ohun pàtàkì kan tó yà á sọ́tọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin èyíkéyìí lè wọ inú aṣọ rẹ̀. Edward ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ń kó ara rẹ̀ níjàánu láti ìwé kan dé òmíràn. Ìdádúró yẹn gan-an ni ọjà. Kò yàtọ̀ sí ti Lloyd, tó ń fi ìtàn sílẹ̀ síbi tó gbóná kí kọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè wọlé. Bí wọ́n sì ṣe fi àwọn ìránṣẹ́bìnrin London ṣẹ̀sín ni wọ́n fi àwọn ọmọbìnrin yìí ṣẹ̀sín, bí ẹni pé ohun tó wu ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè jẹ́ ohun gidi.

Àwọn ará Èkó náà mọ agbára ìtàn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 1929 sí 1930, nígbà tí akọ̀ròyìn I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, àwọn òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni obìnrin náà. Wọ́n kọ lẹ́tà, àwọn kan fi owó ránṣẹ́. Iṣẹ́ Thomas dára lọ́nà tí ti Rymer kò dára. Inú ìwé ìròyìn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i kó tó di ìwé.

Ní London ayé Lloyd, kò sí ẹni tó ń tọ́jú ìwé kọ́bọ̀. Wọ́n fi wé ẹja, wọ́n fi dá iná. Ìdì Varney àkọ́kọ́ wá ṣọ̀wọ́n gan-an, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi ń pe Thomas Peckett Prest ní òǹkọ̀wé rẹ̀, nítorí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára ìwé náà. Àwọn ìwé tí Rymer fúnra rẹ̀ lẹ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ló jẹ́ kí ọ̀mọ̀wé Louis James lè sọ ọ́ ní 1963 pé òun ló ni ín. Ẹ̀yin tí Akéde Èkó àtijọ́, ìwé alàwòrán Atọ́ka tàbí ìwé ìtàn pẹlẹbẹ èyíkéyìí bá wà nínú àpótí àwọn òbí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dáná sun ún. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, bí ojú ewé rẹ̀ tilẹ̀ ti fà ya.