Oyè Láìsí Àṣẹ

Àwọn àgbẹ̀ Ìpáò àti ti gbogbo agbègbè Ìkọ̀lé ti mọ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tipẹ́. Nínú àáró, ẹni tí a bá bá ro oko lónìí yóò bá ẹlòmíràn ro tirẹ̀ lọ́la. Olórí wọn a máa bá wọn kọ ebè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa múlẹ̀ nígbà tí ó bá ń pín iṣẹ́. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn àjọ ilẹ̀ òkèèrè kan tí ó wá ṣiṣẹ́ láàrin wa. Ọmọ Ìkọ̀lé kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, wà lára àwọn tí wọ́n tú ìtàn ọ̀hún wò fínnífínní, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1965.

Church Missionary Society, èyí tí a mọ̀ sí CMS, ni àjọ náà. Henry Venn, akọ̀wé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé ẹni tí ó wá ran ìlú lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ múra àtifi iṣẹ́ náà lé ọmọ ìlú lọ́wọ́. Ní 1864 ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a ti kó lẹ́rú rí, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Láti Sàró ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ní etí odò Ọya ti wá.

Oyè náà tóbi, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kò tó nǹkan. Èkó ni bíṣọ́ọ̀bù ń gbé; títí di 1878, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń bá lọ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò. Bí òṣìṣẹ́ kò bá fojú kan ọ̀gá rẹ̀ fún oṣù gbọọrọ, ta ni yóò bá a wí lásìkò? Lóòótọ́, àwọn kan ṣe àṣemáṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Venn kú ní 1873, dípò kí àjọ náà fún bíṣọ́ọ̀bù lágbára sí i, òyìnbó ni wọ́n fi àkóso owó àti ọkọ̀ lé lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹjọ 1890, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó owó pàdé ní Onitsha. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ sọ pé òun láṣẹ àtidá àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́, lójú bíṣọ́ọ̀bù arúgbó tí ó wà níbẹ̀. Crowther kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀; ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1892, àwọn ìjọ tí ó wà ní agbègbè Delta bọ́ sí abẹ́ àkóso ara wọn, lábẹ́ Dandeson ọmọ rẹ̀. Ó di 2014 kí Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, tó tọrọ àforíjì ní gbangba.

Èrò tèmi ni pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́. A fi ènìyàn joyè, a kò fún un láṣẹ. A wá fi àléébù tí àìláṣẹ bí dá a lẹ́bi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àjọ afẹ́nifẹ́re pọ̀ nílẹ̀ wa lónìí, tí olú-iléeṣẹ́ wọn wà lókè òkun. Bí a bá gbọ́ pé ọmọ ilẹ̀ wa ni ọ̀gá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á béèrè ẹni tí ń fọwọ́ sí owó, àti ibi tí òṣìṣẹ́ lè sọ tẹnu rẹ̀ kí a tó lé e. Àwọn aláàáró kì í fi ẹni tí kò ní ọkọ́ lọ́wọ́ ṣe olórí.