Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Ìdárayá àti Ìlera ní Nàìjíríà

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera ni olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ara ọmọ: bí ó ṣe ń sáré, bí ó ṣe ń fò, ohun tí ó ń jẹ, bí ó ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí nǹkan bá ṣe é. P.H.E. ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà nínú ilé-ìwé, gémù másítà ni wọ́n sì sábà máa ń pe ẹni tí ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè fi olùkọ́ ìṣirò tàbí ti Bíbélì sí ipò gémù másítà bó bá ṣáà ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ojúṣe méjèèjì kò dọ́gba. Gémù másítà ń wá ọmọ mọ́kànlá tí yóò gba ife ẹ̀yẹ wálé. Olùkọ́ ìdárayá ló ni gbogbo ọmọ tó kù nínú kíláàsì.

Kí ilé-ìwé tó dé, ìjàkadì, ẹkùn-mẹ́ran, bojúbojú àti eré òṣùpá ló ń gbé ara ọmọ Yorùbá ró, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó oṣù nítorí wọn. Àwọn míṣọ́nnárì ló mú dírìlì wá: kí àwọn ọmọ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí wọ́n na apá sókè, kí wọ́n tẹ̀ ba kí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ àṣẹ bíi ti ológun. Ìwé ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1933 fún àwọn ilé-ìwé tiwọn ni wọ́n mú lò níbí, bí ẹni pé oòrùn Ìbàdàn àti ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ọ̀kan náà. Láàárín àwọn ọdún 1930 bákan náà ni ìdíje eré ìdárayá Grier Cup bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní gúúsù. Àtìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ti ń fi ife ẹ̀yẹ wọn iṣẹ́ olùkọ́ ìdárayá. Lẹ́yìn òmìnira, yunifásítì Nsukka ló ṣáájú nínú fífún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní dígírì nínú ẹ̀kọ́ náà. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀ka ti Ìbàdàn jẹ́ Human Kinetics and Health Education rí, orúkọ tí òbí lè gbọ́ kó rò pé iṣẹ́ dókítà ni ọmọ òun ń kọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lè lo ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kó gba ìwé-ẹ̀rí N.C.E., tàbí kó lọ gba dígírì, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́. Nínú iṣẹ́ ìjọba, oní-N.C.E. ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 07, oní-dígírì ní ìpele 08, bíi ti àwọn olùkọ́ yòókù. Bó bá ṣe ń gòkè tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jìnnà sí pápá: ó di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, ó di alábòójútó ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, tàbí kó bọ́ sí ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìpínlẹ̀. Àwọn mìíràn lọ sí National Institute for Sports ní Sùúrùlérè láti gba ìwé-ẹ̀rí kóòṣì. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, ṣe olùkọ́ rí. Ó mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Green Eagles nígbà náà, dé àṣekágbá Ife Áfíríkà ní 1984, ó sì kó Super Eagles lọ sí Ife Àgbáyé 2002. Irú rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nínú ìlú ńlá ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí dókítà ti kìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà fún, owó ibẹ̀ sì sàn ju ti kíkọ́ ọmọdé lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ìwádìí tí àjọ náà gbé jáde ní 2019 fi hàn pé, ní 2016, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 kárí ayé ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Kíláàsì kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ kò lè dí àlàfo yìí, pàápàá tí olùkọ́ ìṣirò bá máa ń yá a nígbà tí ìdánwò bá sún mọ́lé. Kì í dá a padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba kó P.H.E. pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, kí àtúnṣe 2025 tó dá a padà sí àyè ara rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìlera ti le jù ni orí pápá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, agbábọ́ọ̀lù Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè níbi ìdíje Nàìjíríà àti Angola, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, olùkọ́ ní láti bi òbí léèrè kí ọmọ tó sáré: ṣé ó ti dákú rí níbi eré? Ṣé ẹnì kan ti kú lójijì nínú ẹbí nígbà tí kò tíì dàgbà? Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tún wà, tó pọ̀ ní Nàìjíríà ju ibikíbi lọ láyé. Ọmọ tó ní i kì í ṣe ẹni tí a ó fi sídìí igi kó máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè ṣeré, bí ó bá ń mu omi dáadáa, tó ń sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, tí wọn kò sì jẹ́ kí òtútù mú un lẹ́yìn òógùn. Ti ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí oògùn tó ń fín sẹ́nu wà nítòsí pápá, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì ọ̀gá tó ti jáde. Ọmọ tó bá forí gbá, kó kúrò nínú eré lọ́jọ́ náà, kódà kó jẹ́ òun ló ń gbá góòlù sáwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà kan ìlera, bí a tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ nìkan. Ìdíje Ife Àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 17, tí Nàìjíríà gbà lálejò ní 2009, ni FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn-ọwọ́ wò. Ilé-ìwé kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí olùkọ́ bá fọwọ́ sí ni wọ́n ń lò. Olùkọ́ tó bá kọ ọdún mẹ́tàlá fún géńdé kan ti sọ egungun àwọn ọmọ ilé-ìwé kejì sínú ewu.

Àwọn ọmọbìnrin ló ń kọ́kọ́ sá kúrò lórí pápá, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń bàlágà. Ṣòkòtò pénpé ń tì wọ́n lójú, nǹkan oṣù ń dà wọ́n láàmú, ilé-ìyàgbẹ́ kò sì lómi. Olùkọ́ obìnrin lè mú èyí fúyẹ́. Nípa aṣọ, láti 2014 ni òfin bọ́ọ̀lù ti fàyè gba ìborí, nítorí náà kò sí ìdí tí ilé-ìwé kan yóò fi lé ọmọ kúrò nínú eré torí hìjáábù.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ sọ ọdún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ di 65, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ ìsìn tàbí ti Yorùbá lè jókòó kọ́ni dé ọjọ́ orí náà. Ti ìdárayá yóò ṣì máa fọn fèrè nínú oòrùn, àfi tí ilé-ìwé bá gbé ẹ̀kọ́ ìlera inú kíláàsì fún un, tí wọ́n sì gba ọ̀dọ́ mìíràn fún pápá. Owó oṣù méjì nìyẹn.