Owó Olówó ní Port-Bouët

Ẹni tí ó gba owó olówó pamọ́, ẹrù ni ó gbà. Alájọ mọ èyí. Ẹni tí ń tọ́jú ogún ọmọ òrukàn náà mọ̀ ọ́n. Bí ilé-ẹjọ́ bá wá fi àṣẹ tirẹ̀ lé e, ṣe ni ẹrù náà tún wúwo sí i. Ìtàn kan láti Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, jẹ́ ẹ̀rí sí èyí.

Port-Bouët ni apá Abidjan tí ó dojú kọ òkun. Níbẹ̀ ni Vridi wà, níbi tí a la ọ̀nà omi kan sí ní ọdún 1950, kí ọkọ̀ òkun lè máa wọ inú ọ̀sà. Àwọn ará Èjìgbò tí ń ṣòwò ní Abidjan mọ ibẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 2006, ọkọ̀ Probo Koala, tí ilé-iṣẹ́ Trafigura háyà, gúnlẹ̀ sí èbúté Abidjan. A da ìdọ̀tí olóró inú rẹ̀ káàkiri ìlú, ní Vridi, ní Akouédo àti níbòmíràn. Àwọn tí ó wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn ju 100,000 lọ. Ìjọba ibẹ̀ sì sọ pé ènìyàn 15 kú.

Nǹkan bí 30,000 ènìyàn pe Trafigura lẹ́jọ́ ní London. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 750,000 owó CFA. Leigh Day, agbẹjọ́rò àwọn olùpẹ̀jọ́, fi owó náà sí báńkì kan ní Abidjan.

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ kan, CNVDT-CI, fi sọ pé òun ni aṣojú àwọn tí ìyà jẹ. Ní oṣù kìíní, ọdún 2010, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Abidjan pàṣẹ pé kí owó náà bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ rí ìpín tiwọn gbà, ṣùgbọ́n nǹkan bí 6,000 kò rí kọ́bọ̀. Ilé jó, olè tún jà.

Ní ọdún 2016, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní London dájọ́ pé Leigh Day kùnà nínú ojúṣe wọn, nítorí kò yẹ kí wọ́n fi owó náà sí ibi tí irú ewu bẹ́ẹ̀ wà.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ni hàn gbangba. Àṣẹ ilé-ẹjọ́ lè sọ ẹni tí yóò mú owó dání. Kò sọ ọ́ di olówó. Orúkọ àwọn tí ó ni ín gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ìṣirò gbọ́dọ̀ máa jáde lójú gbogbo wọn, ẹni tí yóò bi olùtọ́jú léèrè kò sì gbọdọ̀ ṣàìsí. Níbi tí ìwọ̀nyí kò bá sí, èdìdì adájọ́ kò ju ọ̀dà lásán lọ.