Ọbàkan Méjì Lórí Pápá Kan

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti àárín ìlú Hamburg sí ìhà gúúsù, bí ó bá ti kọjá odò Elbe, Veddel ni yóò bọ́ sí. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun HAPAG, lábẹ́ Albert Ballin, kọ́ àwọn gbọ̀ngàn ńlá sí ní 1901 fún àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí 1850 títí di àwọn ọdún 1930, nǹkan bí mílíọ̀nù 5 ènìyàn ni ó gba Hamburg kọjá lọ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Láti 2007 ni a ti sọ ibẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí a ti ń wo àpótí ẹrù àwọn èrò àtijọ́ wọ̀nyí, ìbéèrè kan kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀: bí ẹ̀gbọ́n bá di ọmọ ilẹ̀ kan, tí àbúrò di ọmọ ilẹ̀ mìíràn, ǹjẹ́ ọmọ ilé kan náà ni wọ́n ṣì jẹ́?

Ní 2007 yẹn kan náà ni Jérôme Boateng, ọmọ ọdún 18, wá sí Hamburg láti máa gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ HSV. Ará Ghana ni bàbá rẹ̀, Berlin ni a sì bí i sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, George àti Kevin-Prince, jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọmọ ìyá mìíràn ni Jérôme. Ọmọ Jámánì ni ìyá méjèèjì. Ọbàkan ni àwa ń pe irú wọn. Kevin dàgbà ní Wedding, níbi tí àwọn aláìní pọ̀ sí. Àdúgbò tí ó rọ̀ṣọ̀mù díẹ̀ ni Jérôme gbé. Ṣùgbọ́n pápá kékeré kan ní Wedding, tí a fi irin yí ká bí àgò adìyẹ, ni wọ́n ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n jọ wọ ẹgbẹ́ Hertha, wọ́n sì jọ kúrò níbẹ̀ ní 2007: Kevin gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, Jérôme gba Hamburg.

Àwọn méjèèjì ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ Jámánì rí. Ní 2010 ni Kevin yan ilẹ̀ bàbá rẹ̀, Ghana. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ní Wembley, ó ta Michael Ballack, balógun ikọ̀ Jámánì, ní ẹsẹ̀, Ballack kò sì lè lọ sí Ife Àgbáyé mọ́. Inú bí àwọn ará Jámánì gidigidi. Jérôme wá há sí àárín, àwọn oníròyìn sì ń sọ pé àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ní Johannesburg, ọmọ bàbá kan náà méjì kọjú ìjà sí ara wọn nínú Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn. Jámánì borí pẹ̀lú àmì ayò 1 sí òdo. Nígbà tí wọn yóò tún fi pàdé ní Fortaleza ní 2014, tí wọ́n ta ọ̀mì 2 sí 2, ìjà ilé ti parí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé aṣọ tí Jérôme wọ̀ kò sọ ọ́ di àyànfẹ́ gbogbo ayé. Ó bá Jámánì gba Ife ní 2014. Síbẹ̀, ní 2016, òṣèlú kan, Alexander Gauland, sọ pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ lórí pápá, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ó jẹ́ aládùúgbò wọn. Ọ̀pọ̀ ará Jámánì bẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ náà. Èyí kọ́ wa pé orílẹ̀-èdè lè pàtẹ́wọ́ fún ọmọ láì gbà á sílé.

Ẹ wo ti ilé Adétòkunbọ̀ náà, àwọn tí ìwé Gíríìsì yí orúkọ wọn padà sí Antetokounmpo. Ọmọ Yorùbá ni bàbá wọn, Charles. Igbo ni ìyá wọn, Veronica. Athens ni a bí Giannis sí ní 1994, ṣùgbọ́n títí di 2013 kò ní ìwé ọmọ ilẹ̀ kankan. Òun àti Thanasis ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa pín bàtà kan lò láti fi gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, àwọn méjèèjì àti Kostas àbúrò wọn wà nínú ikọ̀ Gíríìsì tí ó wá sí Berlin. Jámánì nà wọ́n, 107 sí 96. Dennis Schröder, ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá láti Gambia, sì wà lára àwọn tí ó nà wọ́n. Ọmọ Áfíríkà ń bẹ ní ìhà méjèèjì!

Àwa tí a ń kàwé níhìn-ín, àwa náà yóò bímọ, àwọn ọmọ wa yóò sì yan ìwé ìrìnnà àti aṣọ tí wọn yóò wọ̀. Láti oṣù Kẹfà 2024, òfin Jámánì ti gbà kí ènìyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ méjì; ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ni a ń wọ̀ wọ pápá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé ọmọ kan yan ìhín, èkejì yan ọ̀hún. Ohun tí ó lè tú ilé ká ni kí wọ́n máa gbọ́ ìròyìn ara wọn láti ẹnu àwọn oníwèé ìròyìn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní ilé tí wọn yóò máa wò. Okùn ọmọ ìyá yi. Bí a bá mójú tó ti ọbàkan, yóò yi pẹ̀lú.